Mọ́tò Tó Jókòó sí Ìtòkú

Ìtòkú, Abẹ́òkúta
20 Oṣù Kẹwàá, 2025

Usamah Àkànní, ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, àti pẹ̀lú ìtẹríba fún àmúwá Ọlọ́run, ni mo fi ń sọ fún ọ pé mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó ti jókòó. Ìdájí àná, ọjọ́ Àìkú, ló jókòó, níwájú ilé wa, lójú gbogbo àdúgbò. Kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ṣì ń rìn, ó ń tanná, ó tún ń rán Haleemah àbúrò rẹ létí pé kó de bẹ́líìtì. Nígbà tí a máa fi jí, iwájú rẹ̀ wà lókè, ìdí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Àwọn èèyàn ti ń wá kí mi. Wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Ẹnì kan bi mí bóyá ó jẹ gbèsè ààwẹ̀.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni pé nígbà tí Haleemah tan án, ó kùn, ó kùn, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì í. Láti àná ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá pa á fún ìgbà pípẹ́, á jókòó, bí a bá tan án, á dìde. Àkànní, kí lo fi ránṣẹ́ sí mi? Ṣé ó lẹ́mìí ni?

Mi ò gbé e sórí wasáàpù ẹbí, nítorí kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á ti gbọ́ ní Owódé. O sì mọ̀ pé ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni a máa mú Haleemah lọ sílé ọkọ rẹ̀, Bọ́lárìnwá, ní Owódé. Mo ti sọ fún Bùsírátù, ìyá ọkọ, ní ojú gbogbo wọn, pé ọmọ mi kò ní gun ọkọ̀ tó ń gbọn èèyàn wọ ilé wọn. Má jẹ́ kí n parọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlájà Màríámù

Bọ̀ọ̀dá mi, èmi Haleemah ni mò ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó máa ń wà ní búùtù.


Coventry
23 Oṣù Kẹwàá, 2025

Màámi ọ̀wọ́n,

Wàálékúmù sàlámù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kí yín kú àráfẹ́rakù, torí náà mo ti kí yín, kó má di ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Màámi, mọ́tò yẹn kò lẹ́mìí. Afẹ́fẹ́ ló ní. Àwọn tó ṣe é kò fi sípíríǹgì irin sí ẹ̀yìn rẹ̀ bíi ti mọ́tò tiwa. Àpò rọ́bà méjì ni wọ́n fi sí i, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn, orí afẹ́fẹ́ yẹn sì ni ẹ̀yìn mọ́tò gùn lé. Pọ́ǹpù kékeré kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà sínú wọn. Òun lẹ gbọ́ tó ń kùn.

Ọ̀pá irin tínrín kan tún wà lábẹ́ níbẹ̀. Orí rẹ̀ kan wà lára mọ́tò, ìkejì wà lára irin tó di táyà mú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ bí ara mọ́tò ṣe jìnnà sí táyà. Bí èèyàn mẹ́ta bá wọ ẹ̀yìn, ara mọ́tò á wálẹ̀, ọ̀pá á gbéra sókè, á sì fi tó kọ̀ǹpútà inú mọ́tò létí pé ẹ̀yìn ti wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà á pàṣẹ fún pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á fẹ́ afẹ́fẹ́ títí ẹ̀yìn á fi bá iwájú dọ́gba. Tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn á ga jù, ọ̀pá á tún sọ, mọ́tò á tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ dànù, á sì rọra wálẹ̀. Kì í kánjú o. Tí kòtò Láfẹ́nwá bá gbé e sókè sódò, kò ní dá a lóhùn. Á kọ́kọ́ dúró wò ó bóyá ẹrù ni àbí iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ rántí bí ẹ̀yin àti Haleemah ṣe máa ń gbé bàsíà aró. Tí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ bá wálẹ̀, ẹ máa ń pariwo pé, "Gbé e sókè, aró ń dà!" Màámi, ẹ̀yin ni ọ̀pá yẹn. Haleemah ni pọ́ǹpù.

Ohun tó ń mú un jókòó ni pé ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà náà ti sán. Afẹ́fẹ́ ń jò jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á. Tí ẹ bá tan án, pọ́ǹpù á tún fẹ́ òmíràn sí i. Kò gbọdọ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pọ́ǹpù tí kò sinmi á jó.

Màámi, torí ìbàdí yín ni mo ṣe wá irú mọ́tò yìí. Mo fẹ́ kí ẹ lọ sí Owódé kí ẹ dé, kí ẹ má sọ pé "yéè" nígbà tí ẹ bá ń bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà mo fẹ́ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kí ló wà ní búùtù?

Ọmọ yín,
Usamah


Ìtòkú
27 Oṣù Kẹwàá, 2025

Usamah,

Mo kí ọ. Kò sí nǹkan kan ní búùtù. Afẹ́fẹ́ ni.

O ń bi mí léèrè bí lọ́yà. Ṣé torí èyí ni mo ṣe rán ọ lọ sí pólì, kí o máa fi bàsíà aró júwe mi fún ara mi? Mo ti lóye ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti pọ́ǹpù. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí, láìjẹ́ pé ó kàn mí, ni pé bí èèyàn bá di àpò àdìrẹ mẹ́rin sínú mọ́tò yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ á wálẹ̀. Èèyàn á dúró díẹ̀. Á dìde. Ìyẹn ni pé kò tíì rẹ̀ ẹ́. Èèyàn á wá fi méjì sí i. Á tún dìde. Kò sí mọ́tò tó láyọ̀ sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀gbá. Ẹni tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èmi.

Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Ògúnrìndé, mekáníìkì Láfẹ́nwá. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dúró.

Ó ní, "Àlájà, bàlúùnù ni wọ́n fi sí i. Irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ògiri níbi ọjọ́ ìbí. Ẹ jẹ́ n gé e dànù. Sípíríǹgì tírélà ni màá fi sí i. Tí erin bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní mira."

Mo ní, "Ògúnrìndé, erin kò sí lára àwọn tó ń sin ìyàwó."

Ó ní, "Ẹ ò lè mọ̀, Àlájà. Ẹbí pọ̀."

Ó fẹ́ gé e lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kó dúró kí n gbọ́ tìrẹ. Tètè fèsì. Ayé ò dúró de ẹnì kankan, Ògúnrìndé náà ò sì mọ̀ ọ́n dúró.

Ìyá rẹ

Bọ̀ọ̀dá mi, àpò mẹ́jọ ni. Òmíràn kì í tíì gbẹ dáadáa.


Coventry
29 Oṣù Kẹwàá, 2025

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mo fi orí balẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí Ògúnrìndé gé ohunkóhun.

Lóòótọ́ ni sípíríǹgì tírélà máa gbé erin. Ṣùgbọ́n láìsí erin, kò ní tẹ̀ rárá. Gbogbo kòtò tó wà láàárín Abẹ́òkúta sí Owódé ni ìyàwó máa fi ìdí kà. Bọ́lárìnwá á ní kó rẹ́rìn-ín fún fọ́tò, ìyàwó á di ìdí mú.

Ọ̀rọ̀ kejì, Màámi: mọ́tò tó dìde kò sọ pé ẹrù kò wúwo. Ó kàn sọ pé òun dọ́gba ni. Ìwọ̀n ẹrù náà ṣì wà lórí táyà, ó wà lórí bíréèkì, ó wà lórí rọ́bà. Ẹni tó ń wò ó látìta ni kò rí i. Ẹ̀yin náà máa ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà nígbà tí ìbàdí bá ń ro yín, ẹ nà ró ṣánṣán, wọ́n á ní, "Àlájà ò gbó." Èmi nìkan ni mo mọ iye ìgbà tí mo ti fi òróró wọ́ yín. Ẹ má ṣe mọ́tò yẹn bí ẹ ti ń ṣe ara yín.

Mo ti ra rọ́bà tuntun méjèèjì. Ọpẹ́olúwa, tí a jọ ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ní pólì, ń bọ̀ wálé, yóò gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìtòkú. Kí Ògúnrìndé fi wọ́n sí i, kó sì rí i pé ọ̀pá tínrín yẹn padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ni ojú mọ́tò lẹ́yìn.

Kí ni mo gbọ́ nípa àpò mẹ́jọ?

Usamah


Ìtòkú
10 Oṣù Kọkànlá, 2025

Ọmọ mi Àkànní,

O kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Ọpẹ́olúwa dé, ó jẹun, ó yó, ó gbé rọ́bà fún mi. Ògúnrìndé fi wọ́n sí i ní Ọjọ́bọ̀, níwájú ilé mi níbí. Mo dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àyàfi ìgbà tó lọ jẹun. Kò jókòó mọ́. Alihamudulilahi.

Ohun tó kù ni pé kò tún fẹ́ jókòó mọ́ láéláé. Láàárọ̀ Jímọ̀ a tan án, ó kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra. A ní, "Ó tó." Kò gbọ́. Ó ń lọ sókè títí iwájú rẹ̀ fi dorí kodò, iná iwájú rẹ̀ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà ló ti wà ní sujúúdì. A rò pé yóò gbórí sókè bó bá yá. Kò gbé e. Àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ń dúró, wọ́n ń fi í han àwọn ọmọ wọn pé, "Ṣé ẹ rí i? Báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ́ iwájú orí sílẹ̀."

Ọjọ́ náà gan-an ni Bùsírátù yàn láti wá kí wa láti Owódé. Ó yí mọ́tò náà po. Ó ní, "Ìyá ìyàwó, ṣé èyí ni ọmọ wa máa bá wá? Ṣé jíjókòó ni wọ́n máa ń jókòó nínú rẹ̀, àbí ṣe ni wọ́n ń yọ̀ bọ́ síwájú?"

Mo ní, "Wọ́n ń mú ara rẹ̀ gbóná ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun."

Usamah, mo ti fi ọ́ parọ́. Ògúnrìndé ní tó bá di Sátidé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, òun máa gé e, torí òun náà nílò ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbéyàwó tó dé. Mo ti gbà fún un. Àfi tí o bá sọ nǹkan míì.

Ìyá rẹ


Ìtòkú
13 Oṣù Kọkànlá, 2025

Usamah,

Mo kọ̀wé, o dákẹ́. A pè ọ́, obìnrin òyìnbó kan ló ń sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kí n sọ tèmi. Ògúnrìndé ti gbé sípíríǹgì tírélà wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní kí n máa wò ó, kí ojú mi lè mọ́ ọn. Ojú mi kò mọ́ ọn. Ọ̀túnla ni Sátidé.

Ìyá rẹ tí o gbàgbé

Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbìyànjú àtijókòó lórí sípíríǹgì náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ̀wé.


Coventry
14 Oṣù Kọkànlá, 2025

Màámi,

Ẹ má bínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta ṣàìsàn ní ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Láàárín ìgbà tí mò ń fi ẹ̀rọ gbé Bàbá kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀rọ̀ yín yé mi. Bí mo ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ni Bàbá ń lọ sókè. Ìgbà tó ní, "Ó tó," ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

Màámi, mọ́tò yín kò rí ẹni tó máa sọ pé ó tó. Kò sí nǹkan tó ṣe rọ́bà, kò sí nǹkan tó ṣe pọ́ǹpù. Ọ̀pá tínrín nì ni. Bí ọ̀pá bá wà lókè, mọ́tò gbà pé ẹ̀yìn òun ti wálẹ̀, á máa fẹ́ afẹ́fẹ́. Bó bá ti ń ga ló yẹ kí ọ̀pá máa wálẹ̀, kó lè mọ̀gbà tó yẹ kó dúró. Nǹkan kan ti há ọ̀pá náà sókè, kò sì jẹ́ kó wálẹ̀.

Kí Ògúnrìndé fi jáàkì àti igi gbé e ró dáadáa, kí Haleemah wá bẹ̀rẹ̀, kó wo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kó kàn sọ ohun tó bá rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí Ògúnrìndé má tíì gbé ayùn.

Usamah


Ìtòkú
15 Oṣù Kọkànlá, 2025

Àkànní ọmọ mi, ọkọ mi,

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀pá náà. Èmi ni mo so ó.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tí Ògúnrìndé fi rọ́bà sí i, ó lọ jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́, mo rí ọ̀pá kékeré kan tó ń fì dirodiro, kò ní alábàárò. Mo ní, "Èyí máa já bọ́ sọ́nà Owódé." Mo mú ìko, mo gbé ọ̀pá náà sókè, mo so ó mọ́ irin tó wà lórí rẹ̀, bí a ṣe ń so àdìrẹ oníko: mo yí i, mo fà á, mo yí i, mo fà á, títí aró kò fi lè ráyè wọlé. O mọ ọwọ́ mi. Ògúnrìndé padà dé, ó rí i pé ohun gbogbo dì dáadáa, ó rò pé òun ló ṣe é.

Láàárọ̀ yìí lẹ́tà rẹ dé. Ògúnrìndé ti na ọwọ́ sí ayùn. Haleemah bọ́ síta pẹ̀lú fóònù, ó ń ké, "Ẹ dúró! Bọ̀ọ̀dá mi ní kí ẹ dúró!" Wọ́n gbé e ró, ó yọjú wo abẹ́, ó wá wò mí. Ó ní, "Màámi, ìko ta ni èyí?"

Usamah, gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Mi ò lè sọ pé ti Ògúnrìndé ni. Mo mú bíléèdì tí mo fi ń tú àdìrẹ, mo na ọwọ́ wọlé, mo tú u bí mo ṣe ń tú aṣọ olówó iyebíye, láìjẹ́ kí bíléèdì kan ohun tí kò yẹ. Ògúnrìndé fi nọ́ọ̀tì di ìsàlẹ̀ ọ̀pá mọ́ àyè rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Haleemah tan án. Ó ṣe bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó tú afẹ́fẹ́, fììììì, ẹ̀yìn rẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iwájú rẹ̀ ń gbéra, títí ó fi dọ́gba gẹ́lẹ́. Bàbá kan nínú èrò yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ṣe sàlámà fún un, bí ìgbà tí a bá kírun tán.

Mo jó. Mi ò jó láti ìgbà tí ìbàdí ti ń ro mí. Ògúnrìndé ní òun ti fura sí ọ̀pá yẹn tipẹ́. Kó gbé sípíríǹgì rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Mo tún fẹ́ kí o mọ̀ pé ìgbà tí mo tú ìko náà, gbogbo irin yẹn ló ti dọ̀tí, àmọ́ ibi tí mo so mọ́ lóló, ìlà funfun tẹ̀lé ìlà funfun. Iṣẹ́ mi kì í bàjẹ́.

Ìyá rẹ


Ìtòkú
24 Oṣù Kọkànlá, 2025

Usamah Àkànní,

A ti sin ìyàwó. Ọlọ́run ṣeun.

A kó wọ inú mọ́tò náà: Haleemah, èmi, àwọn àbúrò bàbá rẹ obìnrin méjèèjì tí o mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó, ìkòkò, abọ́, àti àpótí aṣọ ìyàwó. Ògúnrìndé ló wa ọkọ̀, ó wọ agbádá. Bí àbúrò bàbá rẹ kejì ṣe wọlé, ẹ̀yìn wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Gbogbo àwọn tó dúró ní Ìtòkú ṣe "háà". Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀." Ó kùn. Ó gbéra. Ó gbé gbogbo wa sókè bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n, ó dọ́gba, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan ń ké "Màṣà Allahu!" Àbúrò bàbá rẹ rò pé òun ni wọ́n ń kí, ó ń juwọ́.

Kòtò kan ò mì wá. Mo sùn lọ́nà. Mo ní mo sùn, Usamah, lójú ọ̀nà Owódé.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Owódé ni mo fẹ́ kí o gbọ́. A dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn. Bùsírátù àti gbogbo ẹbí ọkọ tò síta. A bọ́ sílẹ̀, wọ́n kó ẹrù sílẹ̀. Bí ara mọ́tò ṣe fúyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fò sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, níwájú gbogbo wọn, ó mí kanlẹ̀, fììììì, ó sì rọra tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀.

Bùsírátù fọwọ́ sí àyà. Ó ní, "Ẹ wò ó! Mọ́tò wọn kúnlẹ̀ kí wa! Ọmọ tó jáde nílé tí mọ́tò ti ní ẹ̀kọ́ báyìí, kí la tún fẹ́ béèrè?" Ló bá dì mọ́ Haleemah, ó ń sunkún, Haleemah náà ń sunkún, àbúrò bàbá rẹ bá wọn sunkún láìmọ ohun tó fà á.

Mi ò sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ ni.

Ìyá ìyàwó


Coventry
26 Oṣù Kọkànlá, 2025

Màámi,

Ẹ kú oríire o! Mo ka lẹ́tà yín sókè fún Bàbá tí mò ń fi ẹ̀rọ gbé, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ ìyàwó Ẹ̀gbá.

Ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ sùn lọ́nà ni mo tún kà jù. Nǹkan tí mo fẹ́ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ẹ wá ṣe ìlérí kan ṣoṣo fún mi, ní kíkọ sílẹ̀: kò sí àpò àdìrẹ mọ́ nínú mọ́tò yẹn. Ìwọ̀nba èèyàn, ìwọ̀nba ẹrù ọwọ́.

Ọmọ yín tó ń yọ̀,
Usamah


Ìtòkú
1 Oṣù Kejìlá, 2025

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe fẹ́: mo ṣe ìlérí. Mo ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó dọ́gba àti ohun tí kò rẹ̀. Mọ́tò ìsinmi ìbàdí mi ni, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ìbàdí náà kò ro mí mọ́, mo ń bọ́ sílẹ̀ láìsọ "yéè". Ọlọ́run yóò ṣe tìrẹ náà ní dídọ́gba.

Haleemah ti wà nílé ọkọ, kò sẹ́ni tó máa bá mi tẹ lẹ́tà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù Olúwatósìn ní Láfẹ́nwá ni mo ti ń tẹ èyí, níbi tí mo wá tẹ ìwé kékeré kan tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò. Kò kàn ọ́. Mo ní kí Olúwatósìn fi lẹ́tà yìí nìkan ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní òun ti gbọ́, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ìyá rẹ,
Àlájà Màríámù


ÌKÉDE PÀTÀKÌ FÚN GBOGBO ALÁÀDÌRẸ ÌTÒKÚ

A ń fi àkókò yìí sọ fún gbogbo èèyàn pé mọ́tò yìí kì í ṣe mọ́tò ẹrù. Nítorí náà, ẹrù tó ń lọ sí Owódé kò gbọdọ̀ ju àpò mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mọ́tò yóò máa gbéra ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ní kété tí a bá ti kírun àárọ̀ tán. Aṣọ tí kò bá gbẹ kò ní wọlé. Tí ẹ̀yìn bá wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ké. Yóò dìde. Tí kò bá dìde, kí ẹni tó gbé ẹrù dé kẹ́yìn mú tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìko sún mọ́ abẹ́ mọ́tò yìí, títí kan ẹni tó ni ín.

A kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí wasáàpù, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ọmọ tó wà lókè òkun.

Nípa àṣẹ:
Àlájà Màríámù, Alága
Ògúnrìndé, Awakọ̀ àti Olùdámọ̀ràn Àgbà lórí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Mọ́tò